Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé máa jọ lò: tòkunbọ̀ ńlá, tòkunbọ̀ kékeré, àbí ká to tuntun?

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni iye tó wà lọ́wọ́ yín. Kò burú, òǹtajà ní láti mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé: lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá kọ̀ tí kò tàn, ta ló máa tún un ṣe, níbo ló sì ti máa rí ẹ̀yà tó fẹ́ pààrọ̀? Ará Ìkẹjà lè yà sí Computer Village kó sì padà délé kó tó di ọ̀sán. Ará Ọ̀mùò tàbí Ìjerò, Adó ló ń bọ̀. Bí Adó kò bá sì ní in, ó di kí wọ́n fi wéébíìlì gbé e wá láti Èkó tàbí Ìbàdàn, kí ọmọ tó ń múra JAMB sì jókòó máa wojú yín.

Torí ìyẹn ni n kò ṣe ní bẹ̀rẹ̀ látorí èwo ló yára jù. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà ilé tí mo ti rí tó kú lágbègbè wa, iná ló pa èyí tó pọ̀ jù, àìrí ẹ̀yà rà ló sì sin wọ́n. Èyí tó kú torí pé processor rẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) lọ́ra kò wọ́pọ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká mú ilé olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, irú èyí tó kún Adó. Ìyá ń kọ lesson note, ó sì ń ro máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pọ̀ lórí Excel. Bàbá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, òun ló ń tẹ ìwé ìpàdé. Àkọ́bí fẹ́ ṣe JAMB. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ wo YouTube, ó sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Kò sí èyí tó béèrè ẹ̀rọ ńlá nínú gbogbo rẹ̀. JAMB gan-an, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ń ṣe é: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fà á lé wọn lọ́wọ́, R láti padà sínú rẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan S. Ọmọ tó bá ti fi kíbọ́ọ̀dù gidi dán an wò nílé kò ní máa wá bọ́tìnnì kiri nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Fóònù kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn. WAEC náà sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn wọn: láti ọdún 2024 ni àwọn tó ń ṣe GCE ti ń rí ìdánwò wọn lórí kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ilé, iná ló kàn. Ẹ wo ìpele iná (Band) tí wọ́n kọ àdúgbò yín sí. Ìpele A gbọ́dọ̀ rí iná fún 20 wákàtí lójúmọ́, ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4. Bó ṣe wà lórí ìwé nìyẹn, bó ṣe rí nílé yín, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wà ní D tàbí E, iye watt tí ẹ̀rọ ń jẹ kàn án ju iye core (ìpín ọpọlọ) inú processor rẹ̀ lọ, torí inverter tàbí jẹ́ń ló máa gbé e.

Ìkẹta ni Windows. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft jáwọ́ lára Windows 10. Windows 11 tó kù kò gba processor Intel tí kò bá tó gen (ìran) kẹjọ, kò gba Ryzen ti AMD tó ṣáájú àwọn 2000, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ ní ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń fi ọgbọ́n gbé e lé gen kẹrin lórí. Ó máa ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ Microsoft ti sọ pé àwọn kò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ti owó, n kò ní kọ náírà kankan síbí. Iye tí mo bá kọ lónìí, dọ́là lè sọ ọ́ di irọ́ lọ́la. Bí mo ṣe máa pín in nìyí: bí gbogbo owó yín bá jẹ́ 100, ẹ fi 50 ra àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU, 20 fún monitor, 20 fún UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀ bí iná bá já), kí 10 tó kù gbọ́ ti kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti wáyà. Mo mọ̀ pé 20 fún UPS máa dun àwọn kan. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Èyí tó jẹ́ owó pọ́ọ́kú

Àwọn gen kẹta àti gen kẹrin ni mò ń sọ, àwọn tí wọ́n ń tò bí búlọ́ọ̀kù síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wáyé níbẹ̀ kì í ju báyìí lọ:

"Mummy, Core i5 ni o. Ó ń sáré gan-an."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Gen mélòó ni?"

"Ẹ má wo gen, Mummy. i5 ni i5."

i5 kì í ṣe i5. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ wò. i5-3470, gen kẹta ni, ọdún 2012 ló jáde, core mẹ́rin ló ní. i5-8500, gen kẹjọ ni, ọdún 2018 ló dé, core mẹ́fà. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà márùn-ún ni, irú 12100, méjì àkọ́kọ́ lẹ máa kà: gen kejìlá. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé i3-8100, tí àwọn òǹtajà ń fojú tẹ́ńbẹ́lú torí pé "i3 lásán" ni, ní core mẹ́rin, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti i5-7500 dọ́gba. Windows 11 gbà á, kò sì gba i5-7500 yẹn. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà kà lè fi owó i3 ra ohun tó sàn ju i5 tí ẹlòmíì gbé lọ.

Ohun kan ṣì wà nípa àwọn àgbàlagbà ẹ̀rọ yìí. Àwọn kan nínú wọn ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, lára power supply (àpótí inú rẹ̀ tó ń pín iná), tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà ni 115. Bí èyí tó ti ibẹ̀ wá bá ṣì wà lórí 115, tí ẹ sì ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tó jẹ́ 230, "gbàù!" lẹ máa gbọ́, òórùn á sì tẹ̀lé e.

Mo lè gbà kí ènìyàn ra gen kẹrin bó bá ti pinnu pé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò dípò Windows, ló máa gbé sí i. Linux Mint lórí SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) pẹ̀lú RAM (àyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) 8GB máa tẹ ìwé, á sì gbé YouTube dáadáa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ app ìdánrawò JAMB tí wọ́n ń tà, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Ilé tó ní ọmọ SS3, kí wọ́n kọjá lára rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ilé iṣẹ́, láti gen kẹjọ sókè

Ibí ni mo rò pé ilé tó pọ̀ jù yẹ kó dúró sí. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun ti lò fún ọdún mélòó kan tí wọ́n sì kó dànù ni. Wọ́n le, irin wọn nípọn, fáànù wọn kì í pariwo. Bí ẹ ṣe máa mọ gen kẹjọ lójú ẹ̀rọ nìyí: Dell OptiPlex tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 60, bíi 3060, 5060, 7060, HP ProDesk 600 tàbí EliteDesk 800 tí wọ́n kọ G4 sí, Lenovo ThinkCentre M720. Èyí tó parí sí 50, G3 àti M710, gen kẹfà tàbí keje ló wà nínú wọn. Àwọn wọ̀nyẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí wọ́n mọ́ lójú, wọ́n sì jọ àwọn àbúrò wọn.

Àléébù wọn kan tó tóbi ni power supply. Dell àti HP ló ń ṣe tiwọn fúnra wọn. Ẹnu wáyà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjà, ìtóbi rẹ̀ náà yàtọ̀. Ọjọ́ tó bá jó, ẹ kò ní rí tuntun tó máa wọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lásán. Ara òkú ẹ̀rọ irú rẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ òmíràn. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó rà, ẹ yà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ tó ń tún ti àdúgbò yín ṣe kẹ́ ẹ bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, irú wo ni òkú rẹ̀ pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín?" Èyí tó bá fọwọ́ kàn, ẹ wá alààyè rẹ̀ lọ. Ohun tó ń mú kí àwọn onítakisí máa ra irú mọ́tò kan náà nìyẹn, kì í ṣe pé wọn kò rí èyí tó lẹ́wà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí wọ́n bá ti tan án kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn níṣojú yín. Bó ṣe ń tàn, ẹ tẹ F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún Lenovo. Bó bá béèrè password tí òǹtajà kò mọ̀, ilé iṣẹ́ tó ni í ló tì í pa. Ẹ dìde níbẹ̀. Bó bá ṣí, ẹ wo aago. Bí aago bá ń sọ pé 2018 la wà, bátìrì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní CR2032 ti kú lórí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́). Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré nìyẹn, àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Ọjà Ọba ń tà á, àmọ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná ni déètì máa padà sẹ́yìn, tí wẹ́ẹ̀bù á sì kọ̀ tí kò ní ṣí. Mo ti rí ẹni tó ra dátà tuntun torí rẹ̀, tó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Tí Windows bá ti gbé, ẹ di bọ́tìnnì Windows àti R mú, kẹ́ ẹ tẹ tpm.msc. Ó gbọ́dọ̀ kọ 2.0 síbẹ̀. Ẹ di Ctrl, Shift àti Esc mú, kẹ́ ẹ lọ sí Performance, kẹ́ ẹ wo Memory: iye RAM wà níbẹ̀, àti ihò tó wọ̀ sí, 1 of 2 tàbí 2 of 2. Mo fẹ́ràn kí ihò kan ṣófo, kẹ́ ẹ lè fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi flash gbé CrystalDiskInfo dání. Ọ̀fẹ́ ni, ó máa sọ ìlera SSD àti iye wákàtí tó ti lò láyé. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Orí gbogbo kápásítọ̀ tó wà lórí motherboard gbọ́dọ̀ tẹ́jú; èyí tó bá wú tàbí tó ti ń tu nǹkan pupa jáde, ìyẹn ti ń lọ. Flash yẹn kan náà ni kẹ́ ẹ fi dán gbogbo ihò USB wò, níwájú àti lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ wọn kò ní Wi-Fi. Ilé iṣẹ́ tó lò ó, wáyà ni wọ́n fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Dongle USB kékeré á tán ìyẹn, tàbí kẹ́ ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn.

Tòkunbọ̀ kékeré (mini)

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, OptiPlex Micro, EliteDesk Mini, ThinkCentre Tiny, ṣùgbọ́n wọn kò tóbi ju Bíbélì ńlá lọ. Charger bíi ti láptọ́ọ̀pù ló ń gbé wọn. Processor inú wọn sábà máa ń ní T nídìí, i5-8500T fún àpẹẹrẹ: core mẹ́fà náà ni, àmọ́ 35W ni wọ́n fi dé e mọ́lẹ̀ dípò 65W. Lórí iṣẹ́ ilé, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti borí ni inverter. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì 200Ah oní-12V kan, 2,400Wh ni lórí ìwé. Bátìrì olómi kò fẹ́ ká lo ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má bàa tètè kú, ó wá ku 1,200Wh. Kọ̀ǹpútà àti monitor tó bá jọ ń jẹ 100W máa lo wákàtí 12 lórí ìyẹn, láìtíì yọ ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò. Èyí tó bá ń jẹ 50W máa lo ìlọ́po méjì. Mini pẹ̀lú monitor LED, lórí ìwé títẹ̀ àti YouTube, àyíká 50W yẹn ló máa ń wà. Ní ilé tí fáànù, gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n ti jọ wà lórí bátìrì kan náà, ẹ máa mọyì rẹ̀.

RAM rẹ̀, ti láptọ́ọ̀pù ni, kúkúrú. Àǹfààní ló jẹ́ níbí, torí oníṣẹ́ láptọ́ọ̀pù kò wọ́n wa: ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, bí ọ̀nà Ìwọ́rókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ EKSU tàbí Ọ̀yẹ́ níbi FUOYE, ni wọ́n ń pọ̀ sí. Charger rẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé Dell máa ń dá charger tirẹ̀ mọ̀. Bí ẹ bá ki ayédèrú bọ̀ ọ́, ó lè tàn kó sì máa wọ́ bí ìgbín. Ẹ rí i pé charger ojúlówó bá ẹ̀rọ wá.

Ohun tí n kò fẹ́ràn lára rẹ̀: àyè kò sí nínú rẹ̀ fún ohunkóhun tí ọmọ tó fẹ́ràn gẹ́ẹ̀mù lè fi kún un lọ́la. Eruku sì tètè ń di í lọ́nà ọ̀fun. Nígbà ọyẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá fáànù rẹ̀. Ó tún rọrùn jù láti gbé. Ọmọ tó bá wọ yunifásítì lè jù ú sínú báàgì ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń padà síléèwé, kẹ́ ẹ tó jí, ilé ti di aláìní.

Kí a to tuntun

Kí a ra ẹ̀yà tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan kí a sì tò wọ́n pọ̀ ni mò ń sọ. Èyí ni ti ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀, tàbí tó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà tún mówó wọlé: títẹ̀wé fún ènìyàn, fídíò ìsìn, àwòrán ìkéde òkú. Ohun tó fi borí àwọn méjì yòókù ni pé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló jẹ́ ti gbogbo ayé. Power supply jó, ẹ ra èyíkéyìí tó wà. Motherboard kú, processor àti RAM ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Lórí processor, méjì ni mo lè fọwọ́ sí. AMD Ryzen 5 5600G, tó jáde ní 2021, core mẹ́fà, ní ohun tó ń gbé àwòrán nínú ara rẹ̀, ó sì lágbára tó fún ọ̀pọ̀ gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù bí ẹ bá dín dídán àwòrán kù. Intel Core i3-12100, ti 2022, core mẹ́rin. Ó yára dáadáa lórí iṣẹ́ ọ́fíìsì, àmọ́ àwòrán rẹ̀ kò tó ti AMD yẹn. Bí ọmọ gẹ́ẹ̀mù bá wà nílé, 5600G. Bí kò bá sí, èyí tí òun àti motherboard rẹ̀ bá dín owó lápapọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lọ sọ́jà. A520 tàbí B450 ni motherboard tí mo máa wá fún ti àkọ́kọ́, H610 fún èkejì.

Lẹ́tà ìdí wọn ni kẹ́ ẹ fojú sí. i3-12100F kò ní àwòrán nínú. Ryzen 5 5600 tí kò ní G nídìí kò ní in. Wọ́n máa ń dín owó díẹ̀, òǹtajà á sì ní "ọ̀kan náà ni". Ẹ máa to gbogbo rẹ̀ délé, fáànù á máa yí, iná á máa ṣẹ́jú, ojú monitor á sì dúdú kirimú, àfi kẹ́ ẹ tún lọ ra graphics card, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán.

RAM fún 5600G, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 8GB méjì dípò 16GB kan ṣoṣo. Inú RAM ni àwòrán rẹ̀ ti ń yá àyè, méjì sì ń sáré ju ọ̀kan lọ. Láti ìparí 2025 ni owó RAM ti ń gòkè kárí ayé torí pé àwọn tó ń ṣe é ń kó o fún àwọn ilé iṣẹ́ AI, ìdí mìíràn tí tòkunbọ̀ tí RAM ti wà nínú rẹ̀ fi dára lójú mi nísinsìnyí.

Ẹ má ṣe ṣahun lórí power supply. Ẹ gbé e lọ́wọ́: èyí tí wọ́n kọ 500W sí lára tó sì fúyẹ́ bíi páálí, irọ́ ni. 450W tó ní àmì 80 Plus, tí ọwọ́ mọ̀ pé òun gbé nǹkan, ó tó, ó kù. Casing, èyí tó bá wù yín tó ní àyè fún fáànù méjì.

Bí ẹ bá rà á láti Èkó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀yà ránṣẹ́ nínú páálí wọn, kí oníṣẹ́ Adó tò ó. Àpótí tí wọ́n ti tò tán tí wọ́n sì gbé sí búùtù mọ́tò lójú ọ̀nà wa yìí, wáyà inú rẹ̀ lè ti já kó tó dé Ìkẹ́rẹ́.

Ohun tó kan gbogbo wọn

SSD ni. Hard disk ayíbírí kì í kọjá nǹkan bí 100 sí 200MB ní ìṣẹ́jú àáyá. SSD irú SATA ń ṣe nǹkan bí 550, irú NVMe lè dé 3,500. Ó tún ní pé hard disk ní ohun tó ń yí nínú, iná tó ń já lójijì kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. 256GB tó fún ilé. Ẹ sá fún SSD 2TB tí owó rẹ̀ kò tó ti 256GB tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀. Wọ́n ti tún nọ́ńbà rẹ̀ kọ ni, fáìlì tí ẹ bá kó sí i á kàn pòórá nígbà tó bá kún débi òtítọ́ rẹ̀. App tí wọ́n ń pè ní H2testw máa tú àṣírí rẹ̀.

Ó wá kan UPS. Ẹni tó bá lo Band A lónìí kò ní kí NEPA má já iná lójú ẹsẹ̀ tí ìyá ń tẹ máàkì ọmọ ogójì lọ́wọ́. Èyí tó burú ju lílọ rẹ̀ lọ ni bó ṣe ń padà dé. Mini àti ńlá, àti èyí tí a to, gbogbo wọn ló yẹ kó wà lẹ́yìn UPS 650VA tó ní stabilizer nínú. 650VA kì í ṣe 650W o. Àwọn tó wọ́pọ̀ kò ju nǹkan bí 360W sí 390W lọ, ó sì tó fún kọ̀ǹpútà kan àti monitor kan. Ẹ má ki printer oní-laser bọ̀ ọ́. Bó bá ti ń gbóná, ó lè fa ju ohun tí UPS lè gbé. Bátìrì inú rẹ̀, 12V 7Ah, ẹ̀yin fúnra yín lè pààrọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń ta ohun èlò inverter ní in. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, títí kan wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, torí UPS kankan kò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Monitor kò ní wàhálà: inch 22, tòkunbọ̀, 1920×1080. Ẹ wo ihò wáyà àwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti lẹ́yìn CPU pọ̀. Ọ̀pọ̀ OptiPlex àti EliteDesk, DisplayPort ni wọ́n ní, monitor tòkunbọ̀ ẹ̀wẹ̀ lè jẹ́ VGA. Adapter kékeré kan ló máa so wọ́n pọ̀. Ẹ rà á lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ má bàa tún wọkọ̀ padà wá.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń gbé Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìfàkì, tí iná rẹ̀ dára díẹ̀, tó sì fẹ́ ohun tí gbogbo ilé máa lò fún ọdún bíi mẹ́rin, kó ra tòkunbọ̀ ńlá gen kẹjọ, i5-8500, RAM 16GB, SSD 256GB. Kò sí èyí tó tó o lórí ohun tí owó ń rà.

Ẹni tó wà ní Ẹ̀fọ̀n, Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀tùn, tó jẹ́ sólà tàbí jẹ́ń ló ń gbé ilé rẹ̀, mini ni kó mú, kó sì ra charger kejì sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rí ojúlówó rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ wá owó, tàbí tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń jà sí gẹ́ẹ̀mù nílé rẹ̀, kó to 5600G. Bí owó kò bá tó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yà rẹ̀ ṣeé rà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kó má ra motherboard àti processor ní oṣù tó jìnnà síra. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ láti ilé ọjà, ọjọ́ tí òǹtajà lè gbà á padà á ti kọjá kó tó mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá gbé ní hostel, kó fi gbogbo èyí sílẹ̀, kó ra láptọ́ọ̀pù.

Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, i3-8100 pẹ̀lú RAM 8GB àti SSD, kó má ra monitor rárá ní oṣù yìí. Kó fi owó monitor ra UPS, kó so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ pẹ̀lú wáyà HDMI, kó sì béèrè adapter bí ẹ̀yìn CPU bá jẹ́ DisplayPort. Ìjà máa wà nílé lálẹ́ Champions League, àmọ́ ọmọ á ti ṣe ìdánrawò JAMB rẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ.